Bíìmù Tó Sán Kò Tíì Wó

Nígbàkúùgbà tí ilé bá wó l'Ékòó, ìbéèrè kan náà ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ bèèrè: ṣé kọnkéré ilé náà lágbára tó? Wọ́n bèèrè rẹ̀ nígbà tí ilé alájà 21 wó n'Íkòyí lọ́jọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2021, tí ẹ̀mí tó lé ní 40 bá a lọ. Wọ́n bèèrè rẹ̀ lóṣù kẹta ọdún 2019, nígbà tí ilé tí àwọn ọmọ ilé ìwé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fàájì. Ìbéèrè gidi ni, mi ò sì ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni má bèèrè rẹ̀ mọ́. Àmọ́ fífọ́ bíìmù nínú lábù ni iṣẹ́ mi níbí ní Ìlú Ọba, iṣẹ́ náà sì ti jẹ́ kí ìbéèrè mìíràn jókòó sí mi lọ́kàn ju ìyẹn lọ: lẹ́yìn tí kọnkéré bá ti sán, kí ló kù lọ́wọ́ rẹ̀?

Sísán fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun ìyanu. Ẹ gbé ẹrù lé kọnkéré lórí, yóò gbà á mọ́ra dáadáa. Ẹ fà á, agbára tó ní kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí tó fi ń gba ẹrù lọ. Bíìmù tó dùbúlẹ̀ lórí pílà méjì sì rèé, òkè rẹ̀ ń fún pọ̀, abẹ́ rẹ̀ ń fà. Ìdí nìyẹn tí áyọ́ọ̀n-bẹ́ńdà fi ń to rọ́ọ̀dù sí abẹ́ bíìmù, tó sì ń fi ríǹgì yí i ká. Lábẹ́ ẹrù ojoojúmọ́, kọnkéré abẹ́ náà á sán, rọ́ọ̀dù á sì gba iṣẹ́ ìfà náà ṣe. Ìwé òfin iṣẹ́ ilé mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Ohun tó ń béèrè ni pé kí ojú sísán náà tín-ín-rín, kó má ju nǹkan bíi 0.3 mìlímítà lọ. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ̀ ọ́. Omi àti iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun ni aláǹgbá tí à ń sá fún nínú iṣẹ́ tiwa, nítorí ara rọ́ọ̀dù ni wọ́n ń lọ.

Fáíbà irin ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, ìyẹn àwọn wáyà wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pò mọ́ kọnkéré. Ẹyọ kan kì í ju 30 sí 60 mìlímítà lọ ní gígùn, nínípọn rẹ̀ sì máa ń wà láàárín 0.5 sí 1 mìlímítà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí wọ́n tẹ etí rẹ̀ méjèèjì bí ìwọ̀. Wọ́n á dà á sínú mísà pẹ̀lú sìmẹ́ńtì, iyanrìn, gíráníìtì àti omi. Bí wáyà bá gùn jù, tó sì tín-ín-rín jù, wọ́n á kọ́ ara wọn lọ́rùn nínú mísà, wọ́n á di ìṣùpọ̀ tí ṣọ́bìrì ò lè tú. Nítorí náà ni àwọn ilé iṣẹ́ kan ṣe máa ń fi gúlúù tó ń yọ́ nínú omi lẹ̀ wọ́n pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí omi mísà bá kàn wọ́n, wọ́n á tú ká.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Wáyà tó gùn ní 60 mìlímítà, tó nípọn ní 0.75 mìlímítà, ẹyọ rẹ̀ kan wọn nǹkan bíi 0.2 gráàmù. Bí a bá da 30 kílò rẹ̀ sínú kíúbíìkì mítà kọnkéré kan, ó lé ní 140,000 wáyà tó wọ inú rẹ̀, tí wọ́n dojú kọ gbogbo ọ̀nà. Rọ́ọ̀dù, ibi tí a bá fi sí ló ń wà. Wáyà yìí wà níbi gbogbo, títí kan etí kọnkéré níbi tí rọ́ọ̀dù kì í dé. Òun ni wọ́n fi ń ṣe ògiri ihò ojú irin abẹ́ ilẹ̀, òun ni wọ́n sì ń lò fún ilẹ̀ àwọn wẹ́ìhaùsì ńláńlá tí fọ́kílífìtì ń sáré lórí rẹ̀.

Èrò náà kì í ṣe tuntun. Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ti ń po koríko gbígbẹ mọ́ amọ̀ kí bíríkì wọn má bàa là. Lọ́dún 1874, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bérard gba ìwé àṣẹ ní Kalifóníà lórí pípo ìdọ̀tí irin mọ́ kọnkéré. Àmọ́ ọdún 1963 ni ọ̀rọ̀ náà di ti sáyẹ́ǹsì gidi, nígbà tí Romualdi àti Batson l'Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí wọn jáde pé bí wáyà bá sún mọ́ ara wọn dáadáa, wọn kì í jẹ́ kí ojú sísán ráyè gbòòrò. Ìrètí ọjọ́ náà ni pé ẹrù tí kọnkéré máa gbà kó tó sán á pọ̀ sí i gan-an. Ohun tí iṣẹ́ àwọn ọdún tó tẹ̀lé e jẹ́ ká mọ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Ní ìwọ̀n tí wọ́n ń lò lórí sáìtì, ẹrù tó ń mú kọnkéré sán kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ẹ̀yìn sísán ni gbogbo èrè wà.

Nítorí ìyẹn ni mo ṣe ń ṣàníyàn nípa kúùbù. Gbogbo wa la mọ kúùbù: wọ́n á rọ kọnkéré sínú àpótí, wọ́n á rì í sínú omi fún ọjọ́ 28, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ìdánwò tó dára ni, ó ti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé là. Àmọ́ ẹ po kọnkéré kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fi wáyà sí ọ̀kan, ẹ má fi sí èkejì, èsì kúùbù méjèèjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Kúùbù ò mọ̀ bóyá wáyà wà nínú òun. Kò mọ̀ bóyá 30 kílò ni àbí 10. Ẹni tí kò bá ní ìdánwò mìíràn yàtọ̀ sí kúùbù, kò lè mọ ohun tó rà.

Ìdánwò tó ń sọ ọ̀rọ̀ wáyà ni èyí tí àwọn ará Yúróòpù ń pè ní EN 14651, tó jáde lọ́dún 2005. Bíìmù kékeré ni, 150 mìlímítà ní fífẹ̀, 150 ní gíga, ó gùn díẹ̀ ju ìdajì mítà lọ. A máa ń yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ojú tó wà lókè nígbà tí a rọ ọ́ má bàa jẹ́ òkè tàbí abẹ́ nígbà ìdánwò. A ó wá fi ayùn olómi gé abẹ́ rẹ̀ ní àárín gbùngbùn, ní jíjìn 25 mìlímítà, kí a lè mọ ibi tó máa gbà sán. A ó gbé e lé irin róbótó méjì tí wọ́n fi 500 mìlímítà jìnnà síra, ẹ̀rọ á sì máa tẹ̀ ẹ́ láti òkè ní àárín. A ó so ohun ìwọ̀n kan mọ́ ẹnu ibi tí a gé náà, ohun tí à ń kọ sílẹ̀ sì ni bí ẹnu náà ṣe ń fẹ̀ sí i àti ẹrù tí bíìmù ń gbé nígbà náà.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni bí ẹ̀rọ ṣe ń gba àṣẹ. Bí ẹ bá ní kí ẹ̀rọ máa fi ẹrù kún ẹrù, gbàrà tí kọnkéré bá sán ni ẹ̀rọ á rọ́ wọlé, bíìmù á já, gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ rí á ti kọjá kí ojú tó ṣẹ́. Nítorí náà, ẹnu ibi tí a gé náà ló ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ. Níbẹ̀rẹ̀, kí ẹnu náà máa fẹ̀ ní 0.05 mìlímítà ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá ti dé 0.1 mìlímítà, kó di 0.2 ní ìṣẹ́jú kan, títí tó fi máa tó 4 mìlímítà. Ó ń gbà ju 20 ìṣẹ́jú lọ fún bíìmù kan. Ìgbà tí mo bá jókòó tì í ni iṣẹ́ yìí ń dùn mọ́ mi jù. Gíráàfù á máa gun òkè gbọnrangandan, á dún ‘tá!’, ẹrù á já wálẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò tún gbé orí. Láti ìgbà náà lọ, bí ilé bá dákẹ́, ẹ ó máa gbọ́ ‘tín… tín…’ nínú bíìmù náà: wáyà ń yọ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Kọnkéré lásán ò ní dún bẹ́ẹ̀. Tirẹ̀ ti parí.

Lẹ́yìn ìdánwò, a máa ń já bíìmù sí méjì pátápátá ká lè rí inú rẹ̀. Ẹ wọ ibọ̀wọ́ o, nítorí á gún yín. Ẹ ó rí àwọn wáyà tó yọ orí síta lójú ibi tó ti já. Ẹ wo orí ọ̀kan dáadáa: ìwọ̀ tó wà létí rẹ̀ nígbà tó wọ mísà kò sí mọ́. Wáyà náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́. Ihò tóóró tó jókòó sí nínú kọnkéré ló gbà jáde, ó sì di dandan kí ìwọ̀ náà nà kó tó lè kọjá. Títọ́ tó tọ́ yẹn ló gbé ẹrù dúró, tó ń jẹ agbára tí ì bá fi bíìmù já lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá rí i pé ńṣe ni wáyà já sí méjì dípò kó yọ jáde, nǹkan ò dọ́gba: kọnkéré ti le ju wáyà lọ, bíìmù náà á sì já wọ̀ọ̀. Wáyà tó dára kì í ṣe èyí tó kọ̀ tí kò yọ. Èyí tó yọ jáde pẹ̀lú wàhálà ni.

Nínú gíráàfù náà, ibi mẹ́rin la máa ń wò: ìgbà tí ẹnu bá fẹ̀ dé 0.5, 1.5, 2.5 àti 3.5 mìlímítà. Agbára tó kù lọ́wọ́ bíìmù níbi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ni wọ́n ń pè ní fR1, fR2, fR3 àti fR4. Ìṣirò rẹ̀ ò le. Bí bíìmù náà bá ṣì ń gbé 12.5 kílóníútìn nígbà tí ẹnu ti lanu dé 0.5 mìlímítà, tó jẹ́ bí ẹrù 1,270 kílò, fR1 rẹ̀ jẹ́ 4 MPa, ìyẹn níútìn mẹ́rin lórí mìlímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Ẹ ro ìyẹn wò ná. Kọnkéré tó ti sán, tí a ti fi ayùn gé lábẹ́, tí kò ní rọ́ọ̀dù kankan nínú, ó sì ń gbé ẹrù tó ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Ìwé Model Code ti ọdún 2010, ìyẹn ìwé ìlànà àgbáyé lórí iṣẹ́ kọnkéré, sọ pé kí wáyà tó lè gba apá kan nínú iṣẹ́ rọ́ọ̀dù, fR1 gbọ́dọ̀ ju 0.4 lọ nínú agbára tí bíìmù ní nígbà tó kọ́kọ́ sán, fR3 sì gbọ́dọ̀ ju ìdajì fR1 lọ. Mo fẹ́ràn òfin yẹn púpọ̀, torí pé ó fi ẹ̀yìn sísán sí ipò tó yẹ ẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí. Bíìmù méjì láti inú mísà kan náà, lọ́jọ́ kan náà, lọ́wọ́ ẹnì kan náà, ẹ fọ́ wọn, ìrù gíráàfù wọn ò ní dọ́gba. Ìyàtọ̀ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kì í ṣe ohun àjèjì. Ẹ padà sí wáyà wa tó jẹ́ 30 kílò. Bí wọ́n bá dojú kọ gbogbo ọ̀nà láìṣe ojúsàájú, nǹkan bíi 80 ló yẹ kó gba ojú ibi tí a gé náà kọjá. Ọgọ́rin péré, nínú ohun tó lé ní 140,000 fún kíúbíìkì mítà. Bí ọ̀kan bá rí 65, tí èkejì rí 95, kí ló máa mú wọn dọ́gba? Bí a ṣe rọ kọnkéré náà tún ń darí wọn: wáyà máa ń tẹ̀lé ọ̀nà tí kọnkéré ń ṣàn gbà, ògiri àpótí sì máa ń yí wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìlànà náà fi sọ pé àárín àpótí ni kí a kọ́kọ́ rọ kọnkéré sí, kó tó kan etí méjèèjì, tí kò sì gbà pé kí a ki faibúrétọ̀ bọ inú rẹ̀. Ìta àpótí ni kí a ti mì ín. Bí a bá ti fọ́ ọ tán, mo máa ń ka wáyà tó wà lójú ibi tó já. Iṣẹ́ tó ń sú èèyàn ni, ṣùgbọ́n mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tó rọrùn jù ú lọ láti mọ ìdí tí bíìmù kan fi gbé ẹrù ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ.

Ó wá kan kọ̀ǹpútà.

A ò lè máa rọ bíìmù odindi ilé ká máa fọ́ ọ lójoojúmọ́, nítorí náà à ń ṣe àwòṣe rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. A ó gé bíìmù náà sí ègé kéékèèké, a ó sọ ìwà kọnkéré fún ègé kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà á wá ṣírò bí gbogbo wọn ṣe máa fa ara wọn, tí wọ́n á sì ti ara wọn. Kí kọnkéré tó sán, ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta lè rí ìdáhùn tó tọ̀nà. Sísán ló ń da nǹkan rú.

Lọ́dún 1967, Ngo àti Scordelis ní Yunifásítì Kalifóníà ní Berkeley kọ́kọ́ ṣe é fún bíìmù onírọ́ọ̀dù: wọ́n yàwòrán ibi tí kọnkéré ti sán sílẹ̀, wọ́n sì tú àwọn ègé níbẹ̀ kúrò lára ara wọn. Lọ́dún 1968, Rashid ní kí a má ya ojú sísán sílẹ̀ mọ́, kí a tẹ́ ẹ sínú ègé náà, kí ègé yẹn rọ̀. Èyí tó ṣe mí lóore jù ni ti Hillerborg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lund, orílẹ̀-èdè Sweden, lọ́dún 1976. Wọ́n ní ojú sísán kì í ṣe òfìfo. Bó ṣe ń lanu, ó ṣì ń fa ara rẹ̀, agbára ìfà náà sì ń dín kù bí ẹnu ṣe ń fẹ̀. Nínú kọnkéré lásán, kí ẹnu tó fẹ̀ dé ìdá díẹ̀ nínú mìlímítà kan, ìfà náà ti tán. Nínú èyí tó ní wáyà, ó lè wà títí di ọ̀pọ̀ mìlímítà. Gbogbo ohun tí wáyà ń ṣe, inú ìlà kan yẹn ló wà: ìfà ní ẹ̀gbẹ́ kan, fífẹ̀ ẹnu ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ewu kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀. Ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà, títí kan Abaqus tí púpọ̀ nínú wa ń lò, lè gba ìwà kọnkéré gẹ́gẹ́ bí nínà, ìyẹn fífẹ̀ ẹnu tí a fi gígùn ègé pín, kì í ṣe fífẹ̀ ẹnu fúnra rẹ̀. Ká ní ẹnu fẹ̀ ní mìlímítà kan nínú ègé tó jẹ́ mìlímítà 25. Nínà rẹ̀ jẹ́ 0.04. Ẹ gé ègé náà sí mìlímítà 5, mìlímítà kan yẹn náà ti di 0.2. Bí ẹ bá fún ègé ńlá àti ègé kékeré ní nọ́ńbà kan náà, ègé kékeré á jẹ́ kí bíìmù yín já kíákíá, ègé ńlá á sọ ọ́ di akọni. Bíìmù ò yí padà o. Bí ẹ ṣe gé e ló yí padà. Bažant àti Oh ti yanjú ẹ̀ lọ́dún 1983: ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà náà tẹ̀lé bí ègé ṣe tóbi tó. Síbẹ̀, mo ṣì ń rí iṣẹ́ tí kò sọ bí ègé rẹ̀ ṣe tóbi tó rárá.

Èyí tó ń dùn mí jù lọ ni ti nọ́ńbà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní viscosity parameter nínú àwòṣe tó ń jẹ́ Concrete Damaged Plasticity. Ìrànwọ́ ni wọ́n fi ṣe é, kí ìṣirò má bàa há nígbà tí kọnkéré bá ń sán. Bó bá kéré gan-an, kò sí wàhálà. Bí ẹ bá gbé e sókè, kọ̀ǹpútà á ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́, gíráàfù á dán, bíìmù á sì gba agbára tí kò ní láyé. Ẹni tó bá fẹ́ kí àwòṣe òun bá ìdánwò mu lè rí ohun tó ń wá níbẹ̀, láìjẹ́ pé wáyà kan ṣoṣo ló ṣe é. Bí mo bá ń ka ìwádìí tí nọ́ńbà yẹn kò sí nínú rẹ̀, mi ò lè gba àwòrán rẹ̀ gbọ́, bó ti wù kó lẹ́wà tó.

Ẹ gbọ́, mi ò kórìíra kọ̀ǹpútà. Òun ni mo jókòó tì lọ́pọ̀ ọ̀sán. Ohun tí mo ń sọ ni ibi tó yẹ kó dúró sí. Ọ̀nà tí a sábà ń gbà rí ìlà ìfà àti fífẹ̀ ẹnu ni pé a ó fọ́ bíìmù kékeré, a ó rí gíráàfù rẹ̀, a ó wá máa yí ìlà náà lórí kọ̀ǹpútà títí gíráàfù kọ̀ǹpútà á fi bo ti lábù mọ́lẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdáhùn tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni a fi kọ́ ọ. Kò tíì sọ ohun kankan tí a ò mọ̀. Ìdánwò rẹ̀ gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀: ẹ ti àwọn nọ́ńbà yẹn pa, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n mọ́, ẹ wá ní kó sọ tẹ́lẹ̀ bí bíìmù mìíràn yóò ṣe rí, èyí tó ga, tó ní rọ́ọ̀dù, tí a kò fi ayùn gé. Bíìmù tí a gé kò ní àṣàyàn, ibi tí a gé ló máa gbà sán. Bíìmù inú ilé, ibi tó bá rẹ̀ ẹ́ jù ló ń yàn fúnra rẹ̀. Àwòṣe tó bá sọ ìyẹn tẹ́lẹ̀, tó sì tọ̀nà, òun ni mo lè fi ilé sí abẹ́ rẹ̀.

Irú bíìmù bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Bí wáyà àti rọ́ọ̀dù bá jọ wà nínú bíìmù, ojú sísán máa ń pọ̀ sí i, wọ́n á sún mọ́ ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì tín-ín-rín; ohun rere nìyẹn fún ilé tó wà létí òkun. Ní ti sísán onídàgẹ̀rẹ̀ tó máa ń yọ nítòsí pílà, tó ń pa bíìmù lójijì láìkìlọ̀, wáyà wúlò gan-an. Ìwé òfin Amẹ́ríkà, ACI 318 ti ọdún 2008, gbà kí wáyà rọ́pò ríǹgì tó kéré jù tí òfin béèrè nínú irú àwọn bíìmù kan: wáyà ò gbọdọ̀ dín ní 60 kílò nínú kíúbíìkì mítà, bíìmù ò gbọdọ̀ ga ju 600 mìlímítà lọ, kọnkéré ò sì gbọdọ̀ lágbára ju nǹkan bíi 40 MPa lọ. Ẹ wo bí wọ́n ṣe há ọ̀rọ̀ náà mọ́ tó. Àti pé bí rọ́ọ̀dù bá kéré jù, wáyà lè ṣe ohun tí a ò fẹ́: ojú sísán kan ṣoṣo á gba gbogbo fífẹ̀ náà, rọ́ọ̀dù tó wà níbẹ̀ nìkan á nà jù, á sì já kí bíìmù tó tẹ̀ tó láti kìlọ̀ fún ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwòṣe tí kò mọ èyí léwu.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ń gba iṣẹ́ ilé kíkọ́ n'Íbàdàn. Kò pẹ́ tó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: “Àbúrò, mo rí fídíò kan o. Wọ́n da wáyà sínú kọnkéré, wọn ò to rọ́ọ̀dù rárá. Ṣé a ò lè fi ṣe dẹ́kì báyẹn? Owó rọ́ọ̀dù ti ga jù.”

Mo pè é padà. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò lórí dẹ́kì. Ilẹ̀ wẹ́ìhaùsì ni wọ́n ń rọ nínú fídíò yẹn. Ilẹ̀ ló gbé e. Bó bá sán, kò síbi tó máa já sí.”

“Bí kúùbù rẹ̀ bá wá yege ńkọ́?”

“Kúùbù ò mọ̀ pé wáyà wà nínú ẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Bí ẹ fi wáyà sí i, bí ẹ ò fi sí i, nǹkan kan náà ló máa sọ fún yín.”

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní: “Ta ló wá máa sọ fún mi?”

Ìbéèrè tó yẹ nìyẹn. Dẹ́kì tí kò ní ju wáyà lọ wà níbòmíràn lóòótọ́, wáyà inú rẹ̀ sì máa ń sún mọ́ 100 kílò nínú kíúbíìkì mítà kan, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé ẹrù lé odindi ilé lórí láti dán an wò. Ẹni tí kò ní irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn kò gbọdọ̀ yọ rọ́ọ̀dù kan ṣoṣo kúrò lábẹ́ ibi tí èèyàn ń sùn. Mo ń bẹ̀rù pé wáyà á dé ọjà wa kí ìdánwò rẹ̀ tó dé.

Ìdánwò náà kò sì kọjá agbára wa. Ẹ̀rọ tó ń gba àṣẹ lẹ́nu ohun tó ń wọn fífẹ̀ ẹnu wọ́n, mo mọ̀. Àmọ́ ìwé EN 14651 fúnra rẹ̀ gbà pé a lè wọn títẹ̀ àárín bíìmù dípò rẹ̀, ó sì fi ìṣirò kan so méjèèjì pọ̀: títẹ̀ náà jẹ́ fífẹ̀ ẹnu lọ́nà 0.85, kí a fi 0.04 mìlímítà kún un. Nítorí náà, fR1 wà níbi tí bíìmù bá ti tẹ̀ tó nǹkan bíi 0.47 mìlímítà, fR3 wà níbi 2.17. Yunifásítì tó bá ní ẹ̀rọ tó lè lọ díẹ̀díẹ̀ láìrọ́ wọlé, tó ní ohun tó ń wọn títẹ̀ àti ayùn tó lè gé kọnkéré, lè bẹ̀rẹ̀.

Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé bó bá rí oníbàárà tó fẹ́ fi wáyà ṣe ilẹ̀ wẹ́ìhaùsì, kó gbà á, kó rọ bíìmù láti inú mísà ọjọ́ náà gan-an, kó sì gbé wọn lọ sí yunifásítì tó bá lè fọ́ wọn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá sì gbé wọn wá bá, ẹ má fi ìlà àárín nìkan hàn wá. Ẹ tẹ gíráàfù bíìmù kọ̀ọ̀kan jáde, èyí tó ga àti èyí tó já wálẹ̀, ẹ kọ iye wáyà tí ẹ kà lójú ibi tó já sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá wá fẹ́ ṣe àwòṣe rẹ̀, ẹ kọ bí ègé yín ṣe tóbi tó àti viscosity parameter tí ẹ lò sí ojú ewé kan náà pẹ̀lú àwòrán náà.